Láti Inú Ẹkù dé Inú Jẹ́rìkán: Ìtàn Yíyan Epo àti Òróró Nínú Ìdáná Yorùbá

Ṣé epo pupa ni kí a máa fi se ọbẹ̀ ni, àbí òróró? Ìbéèrè yìí ni ọ̀pọ̀ ìyá ilé ń gbé lọ bá dókítà àti nọ́ọ̀sì nígbà tí ẹ̀jẹ̀ ríru tàbí àrùn ọkàn bá ti wọ inú ẹbí. Ìdáhùn tó wọ́pọ̀ jù ni pé kí wọ́n fi epo pupa sílẹ̀, kí wọ́n gba òróró mú. Ìmọ̀ràn náà ti tàn kálẹ̀ débi pé àwọn tí ara wọn dá ṣáṣá pàápàá ti ń wo epo pupa bí oúnjẹ ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ kò tó òróró. Ohun tí a kì í sábà bèèrè ni ibi tí ìmọ̀ràn náà ti ṣẹ̀ wá, irú òróró tí ó ń sọ nípa rẹ̀, àti ohun tó wà nínú jẹ́rìkán tí a gbé wálé láti fi dípò epo.

Ọ̀nà tí àròkọ yìí gbà wo ọ̀rọ̀ náà ni ti ìtàn. Ìdí ni pé ìlera nìkan kọ́ ni ó yí ìdáná Yorùbá padà kúrò lórí epo pupa. Ọjà òkèèrè, ìjọba amúnisìn, ìpolówó ọjà nílẹ̀ Amẹ́ríkà àti ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ nínú Bíbélì lọ́wọ́ nínú rẹ̀. Ẹni tí kò bá mọ ìtàn yìí lè ro pé ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ ló ń bá òun sọ̀rọ̀, nígbà tí ó jẹ́ pé ọlọ́jà ni.

Ilẹ̀ ni ó kọ́kọ́ yan ọ̀rá

Kí ọkọ̀ ojú irin tó dé, ilẹ̀ tí ènìyàn ń gbé ni ó ń pinnu ọ̀rá tí yóò fi se oúnjẹ. Ní agbègbè igbó, láti Ìjẹ̀bú àti Ẹ̀gbá dé Oǹdó, Ìjẹ̀ṣà àti Èkìtì, ọ̀pẹ pọ̀, epo sì ni ọba ìdáná. Bí a bá gòkè lọ sí ọ̀dàn, sí Ṣakí, Ìgbòho àti ilẹ̀ Ìgbómìnà, igi òrí ni ó pọ̀, àwọn obìnrin ibẹ̀ sì ń ṣa èso rẹ̀, wọ́n ń sá a, wọ́n ń lọ̀ ọ́, wọ́n ń pò ó títí òrí yóò fi léfòó. Ní etí òkun, láti Àgbádárìgì títí dé ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ òde òní, àgbọn ń fún wọn ní àdín àgbọn. Àdín dúdú, tí a ń rí láti inú ẹkùrọ́ tí a ti yan, wà níbi gbogbo tí ọ̀pẹ bá wà, ṣùgbọ́n ara àti irun ni wọ́n ń fi í pa ju pé kí wọ́n fi se ọbẹ̀ lọ.

Iṣẹ́ obìnrin ni iṣẹ́ epo. Ọkùnrin ni ó ń fi igbà gun ọ̀pẹ, tí ó ń gé ìdì ẹyìn lulẹ̀. Láti ìgbà tí ìdì bá ti kanlẹ̀, ọwọ́ obìnrin ni ó kù sí. Wọn yóò ṣa ẹyìn kúrò lára ìdì, wọn yóò sè é títí yóò fi rọ̀, wọn yóò gún un nínú odó tàbí kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ nínú ẹkù, wọn yóò bu omi lù ú, epo yóò sì léfòó. Lẹ́yìn èyí ni wọn yóò tún gbé epo náà kaná kí omi inú rẹ̀ lè gbẹ. Ìhá tó kù kì í ṣòfò, òun ni wọ́n ń fi ṣe ògùṣọ̀. Nínú ìwé ìtàn Yorùbá tí Samuel Johnson parí ní ọdún 1897, tí a kò sì tẹ̀ jáde títí di ọdún 1921, ó sọ nípa àwọn arúgbó obìnrin tó ń gbé oko, tí iṣẹ́ wọn jẹ́ fífọ́ ẹkùrọ́ àti títọ́jú ẹran ọ̀sìn. Ẹyọ kan péré ni èyí jẹ́ nínú ìwé ńlá, ṣùgbọ́n ó fi hàn pé ọ̀rá inú ìkòkò jẹ́ ìṣirò ọjọ́ iṣẹ́ fún obìnrin kan. Ẹni tó mọ wàhálà tó wà nínú agolo epo kan kì í dà á sọ́bẹ̀ bí omi.

Èyí tọ́ sí àkíyèsí nínú ọ̀rọ̀ ìlera. Nígbà tí a bá ń wí pé àwọn baba ńlá wa jẹ epo pupa tí wọn kò sì ní àrùn ọkàn, a máa ń gbàgbé bí ó ṣe kéré tó nínú ìkòkò, àti pé ẹni tó jẹ ẹ́ ti rin ìrìn máìlì mélòó kan lọ sí oko kí ó tó jókòó ti àwo.

Ìsìn pàápàá fi ìyàtọ̀ sáàárín àwọn ọ̀rá wọ̀nyí. Epo ni a ń ta sílẹ̀ fún Èṣù, àdín sì ni èèwọ̀ rẹ̀. Oúnjẹ Ọbàtálá kì í ní epo pupa, òrí ni a fi ń sè é. Nínú ilé ìsìn Candomblé ní Bahia, nílẹ̀ Brazil, oúnjẹ Oxalá kì í ní epo pupa títí di òní. Ohun tí a lè rí fà yọ nínú èyí ni pé ẹni ìgbà náà kò ka gbogbo ọ̀rá sí ọ̀kan náà. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ìwà, ní àwọ̀ àti ní ibi tí ó yẹ kí a lò ó, èyí tó yàtọ̀ gédégédé sí bí a ti ń sọ ọ́ lónìí pé òróró kan ṣoṣo yóò dín ẹran, yóò se ìrẹsì, yóò sì tún ro ẹ̀fọ́.

Epo àti òróró: ọ̀rọ̀ méjì tó pínyà

Nínú èdè Yorùbá àtijọ́, bí ènìyàn bá dárúkọ epo láìfi nǹkan kan kún un, epo ọ̀pẹ ni ó ń wí. Nígbà tí àwọn olùtumọ̀ Bíbélì, tí Samuel Ajayi Crowther jẹ́ aṣáájú wọn, ń wá ọ̀rọ̀ tí wọn yóò fi pe òróró ólífì tí wọ́n ń ta sórí ọba àti àlùfáà, wọn kò lo epo. Òróró ni wọ́n yàn. Bíbélì Yorùbá jáde lódindi ní ọdún 1884, láti ìgbà náà sì ni òróró ti ń gbé iyì ìsìn kiri: òróró ni wọ́n fi ń yan ọba, òróró ni àwọn wúńdíá fi sínú fìtílà. Epo ní tirẹ̀ dúró sí ìdáná. Nígbà tí epo bẹntiróòlù àti epo kẹrosíìnì dé, orúkọ epo ni wọ́n tún gbé, ọ̀rọ̀ náà sì rẹ̀ sí ìsàlẹ̀ díẹ̀ sí i, ó di ohun tó ń rùn nínú gáréèjì.

Kò sí ẹni tó jókòó pète èyí. Ṣùgbọ́n nígbà tí òróró ilé iṣẹ́ wá dé sí ọjà nínú ọ̀rúndún ogún, orúkọ tó mọ́, tó ní iyì, ti wà nílẹ̀ dè é. Ìpolówó tó dára ju orúkọ rere lọ kò sí.

Bí epo ṣe di ọjà òkèèrè

Nígbà tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fòfin de òwò ẹrú ní ọdún 1807, àwọn oníṣòwò Liverpool tó ti ń ra ènìyàn ní etí òkun wa yí ojú sí epo. Àwọn ilé iṣẹ́ wọn nílò ọ̀rá fún ọṣẹ àti àbẹ́là, wọ́n sì nílò rẹ̀ láti fi yí ẹ̀rọ àti kẹ̀kẹ́ ọkọ̀ ojú irin lójú. Ní àárín ọ̀rúndún kọkàndínlógún, epo tó ń wọ Bìrìtìkó lọ́dún kan ti kọjá tọ́ọ̀nù 30,000. Ìwọ̀nba díẹ̀ nínú rẹ̀ ni ó lọ sí ẹnu ènìyàn.

Èkó jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn ẹnu ọ̀nà epo yìí, ìtàn ìṣèlú rẹ̀ kò sì ṣeé sọ láìsọ ti epo. Nígbà tí ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì yìnbọn lu Èkó ní oṣù Ọ̀pẹ 1851, tí wọ́n lé Kòsọ́kọ́ tí wọ́n sì dá Akíntóyè padà sórí oyè, fífi òpin sí òwò ẹrú ni wọ́n fi ṣe àwíjàre, ṣùgbọ́n ọ̀nà epo wà lọ́kàn wọn pẹ̀lú. Ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn náà, ní 1861, Dòsùmú fi ọwọ́ sí ìwé tó sọ Èkó di ti Gẹ̀ẹ́sì. Ìyáàfin Tinúbú, tí wọ́n lé kúrò ní Èkó ní 1856, tó sì di Ìyálóde Ẹ̀gbá ní 1864, ṣòwò epo àti ti ohun ìjà, ó sì ṣòwò ẹrú pẹ̀lú. Ibi tí ìtàn epo ti korò nìyí. Ohun tí àwọn òyìnbó pè ní òwò tó bófin mu kò pa oko ẹrú run nílẹ̀ wa. Bí epo ṣe ń gbówó lórí ni àwọn ológun àti ọlọ́rọ̀ Ìbàdàn, Ẹ̀gbá àti Ìjẹ̀bú ń fẹ́ ọwọ́ púpọ̀ sí i láti gé ẹyìn, láti tẹ ẹ́ àti láti rù ú lọ sí etí odò. Ogun Kírìjì, tó bẹ̀rẹ̀ ní 1877, tí kò sì tán pátápátá títí di 1893, wáyé nígbà tí gbogbo ojú ọ̀nà yìí jẹ́ ohun ìjà fúnra rẹ̀: ẹni tó bá ti ojú ọ̀nà ti epo, ti iyọ̀ àti ìbọn nìyẹn.

Ohun kan wà tí àwọn òpìtàn ètò ọrọ̀ ajé mọ̀ dáadáa ṣùgbọ́n tí àwọn tó ń sọ̀rọ̀ nípa oúnjẹ kì í sábà mẹ́nu kàn. Epo kò jọ epo ní ọjà Liverpool. Epo tó ti Èkó wá ni wọ́n kà sí ọ̀kan nínú àwọn tó dára jù, wọ́n tilẹ̀ ń pe ìpele kan pàtó ní epo Èkó. Ìdí rẹ̀ kò jìnnà. Bí ìdì ẹyìn bá pẹ́ nílẹ̀ títí ó fi bẹ̀rẹ̀ sí í jẹrà kí a tó tẹ̀ ẹ́, ọ̀rá inú rẹ̀ yóò máa já, yóò kan, yóò sì di líle. Àwọn obìnrin Yorùbá kì í jẹ́ kí ó pẹ́ bẹ́ẹ̀, wọ́n sì ń sè é nínú omi gbígbóná, nítorí náà epo wọn rọ̀, kò sì kan. Ìmọ̀ ìdáná ni èyí jẹ́ kí ó tó di ìmọ̀ ọjà. Ẹni tí ó fẹ́ jẹ epo náà fúnra rẹ̀ ni ó mọ̀ pé kò yẹ kí ó kan.

Láti bí ọdún 1860 síwájú ni ẹkùrọ́ wọ inú ọjà náà. Hamburg ni ó pọ̀ jù sí, ilé iṣẹ́ G. L. Gaiser sì ni orúkọ tó gbajúmọ̀ jù ní Èkó nínú òwò yìí. Ní Faransé, Mège-Mouriès ti ṣe màjárín ní 1869, láti ọ̀rá màlúù. Nígbà tó yá ni àwọn ilé iṣẹ́ rí i pé òróró ẹkùrọ́ àti ti àgbọn máa ń dì bíi bọ́tà, wọ́n sì ń fi wọ́n ṣe é. Báyìí ni ẹkùrọ́ tí arúgbó obìnrin fọ́ ní oko Ìbàdàn ṣe ń di ohun tí òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ ní Jámánì ń fi pa búrẹ́dì. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, màjárín yìí kan náà padà wá sí Èkó nínú agolo, ó sì di oúnjẹ ẹni tó lajú. William Lever, tí ìjọba amúnisìn kò gbà fún láti gba ilẹ̀ ńlá fún oko ọ̀pẹ ní Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà, lọ sí Kóńgò ti Bẹ́ljíọ̀mù ní 1911. Nígbà tó sì di 1923, ilé iṣẹ́ rẹ̀ ti fìdí múlẹ̀ ní Èkó, ọṣẹ ni ó fi bẹ̀rẹ̀.

Ilẹ̀ Yorùbá fúnra rẹ̀ ti ń yí ojú sí kòkó láti òpin ọ̀rúndún kọkàndínlógún. Ọ̀pẹ inú igbó kù sí ọwọ́ àwọn tí kò ní oko kòkó. Ní Éṣíà, láti ara hóró mẹ́rin péré tí wọ́n gbìn sí ọgbà Bogor ní erékùṣù Java ní 1848, oko ọ̀pẹ ńláńlá dìde. Ní nǹkan bí ọdún 1966 ni Màléṣíà gba ipò kìíní lọ́wọ́ Nàìjíríà nínú títa epo sí òkèèrè. Nígbà tí owó epo bẹntiróòlù dé ní àwọn ọdún 1970, Nàìjíríà bẹ̀rẹ̀ sí í ra epo ọ̀pẹ láti òkèèrè.

Ẹ̀pà ní tirẹ̀ bá ojú irin rìn. Nígbà tí ojú irin dé Kánò ní 1911, oko ẹ̀pà gbòde kan ní òkè ọya, òróró ẹ̀pà sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàn wá sí ìsàlẹ̀. Ó fúyẹ́, kò ní àwọ̀ tí yóò pa aṣọ, kò sì ní òórùn líle. Àwọn ará ìlú ńlá fẹ́ràn rẹ̀ fún dòdò àti ìrẹsì. Ní 1975, àrùn rosette àti ọ̀dá ba oko ẹ̀pà wọ̀nyí jẹ́ gan-an, òróró ẹ̀pà sì wọ́n. Àyè tó ṣí sílẹ̀ yìí ni òróró mìíràn gbà.

Òróró wo sì ni? Níbi yìí ni ìtàn ti yí ènìyàn lójú. Púpọ̀ nínú òróró tó kún inú jẹ́rìkán ofeefee ní ọjà Bódìjà, Mile 12 tàbí Ọjà Ọba kì í ṣe òróró ẹ̀pà, kì í sì í ṣe ti sóyà. Epo ọ̀pẹ ni. Ilé iṣẹ́ ti gba pupa rẹ̀, wọ́n ti gba òórùn rẹ̀, wọ́n ti ya èyí tó ń dì kúrò lára èyí tó ń ṣàn, wọ́n sì fi èyí tó ń ṣàn sínú jẹ́rìkán. Ìyá tí nọ́ọ̀sì sọ fún pé kí ó fi epo pupa sílẹ̀ lọ ra òróró, ó sì gbé ọ̀pẹ kan náà padà wálé nínú aṣọ mìíràn, láìsí ohun tó sọ ọ́ di pupa.

Ẹ̀sùn tó ti Amẹ́ríkà wá

Ìbẹ̀rù ọ̀rá tó ń dì kò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ní 1913, Anitschkow ní St. Petersburg fi hàn pé bí a bá fún ehoro ní kọlẹ́stírọ́ọ̀lù jẹ, iṣan ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ yóò dí. Lẹ́yìn ogun àgbáyé kejì, Ancel Keys ní Minnesota so ọ̀rá tí wọ́n ń pè ní saturated mọ́ àrùn ọkàn. Kò sí àní-àní pé kókó inú iṣẹ́ wọ̀nyí fẹsẹ̀ múlẹ̀: bí irú ọ̀rá yìí bá pọ̀ jù nínú oúnjẹ, kọlẹ́stírọ́ọ̀lù búburú inú ẹ̀jẹ̀ yóò gòkè, ewu àrùn ọkàn yóò sì pọ̀ sí i.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní òpin àwọn ọdún 1980 yàtọ̀. Ẹgbẹ́ àwọn àgbẹ̀ sóyà nílẹ̀ Amẹ́ríkà, American Soybean Association, rí i pé epo ọ̀pẹ àti òróró àgbọn láti Éṣíà ń gba ọjà lọ́wọ́ wọn. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ ìpolongo lòdì sí ohun tí wọ́n pè ní ọ̀rá ilẹ̀ olóoru. Ní 1988, Phil Sokolof, oníṣòwò kan ní ìlú Omaha tí àrùn ọkàn ti kọlù rí, fi owó ara rẹ̀ gba odindi ojú ewé nínú àwọn ìwé ìròyìn ńláńlá, ó sì fi ẹ̀sùn pé wọ́n ń fún ará ìlú ní májèlé jẹ kan àwọn ilé iṣẹ́ tó ń lo epo ọ̀pẹ àti òróró àgbọn. Ète tirẹ̀ lè jẹ́ rere, ti àwọn tó ń ta sóyà kì í ṣe ti ìlera nìkan.

Àwọn ilé iṣẹ́ gbà fún wọn. Òróró sóyà ni wọ́n fi rọ́pò, ṣùgbọ́n òróró sóyà ń ṣàn, bísíkíìtì sì nílò ọ̀rá tó ń dì. Ọgbọ́n tí Wilhelm Normann ti gba ìwé àṣẹ lé lórí nílẹ̀ Jámánì ní 1902 ni wọ́n lò: fífẹ́ háídírójìn sínú òróró títí yóò fi le. Irú ọgbọ́n bẹ́ẹ̀ ló bí Crisco ní 1911. Ohun tí ó ń bí pẹ̀lú rẹ̀ ni ọ̀rá tí wọ́n ń pè ní trans. Ní 1990, Mensink àti Katan ní Netherlands fi hàn pé ọ̀rá trans ń gbé kọlẹ́stírọ́ọ̀lù búburú sókè, ó sì tún ń rẹ èyí tó dára sílẹ̀. Kò sí ọ̀rá mìíràn nínú ìdáná tó burú tó ìyẹn. Denmark fi òfin dè é ní 2003. Àjọ FDA ti Amẹ́ríkà kéde ní 2015 pé òróró tí a fẹ́ háídírójìn sí lápá kan kò tún jẹ́ ohun tí a lè kà sí aláìléwu mọ́. Kí sì ni àwọn ilé iṣẹ́ tún sáré padà sí? Epo ọ̀pẹ ni, èyí tí wọ́n ti pè ní májèlé.

Nílé wa, ìdajì àkọ́kọ́ ìtàn yìí nìkan ni ó dé etí ọ̀pọ̀ ènìyàn. Ẹ̀sùn tí wọ́n fi kan epo dé ọ̀dọ̀ wa, ṣùgbọ́n ìdáláre rẹ̀ kò dé, bẹ́ẹ̀ ni màjárín líle dúró lórí búrẹ́dì fún ọdún pípẹ́ láìsí ẹni tó bèèrè ohun tó wà nínú rẹ̀. Nàìjíríà ṣe òfin tirẹ̀ lórí ọ̀rá trans nípasẹ̀ NAFDAC pẹ̀lú ìlànà ọdún 2022, tó ní kí ó má kọjá gíráàmù 2 nínú gíráàmù 100 ọ̀rá.

Ẹ̀rí láti Ìdíkàn

Ìwádìí kan wà tó kan àwọn Yorùbá gan-an. Ní 1992 ni àwọn onímọ̀ Yunifásítì Ìbàdàn, tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Benjamin Ọ̀súntòkun àti Adéṣọlá Ògúnníyì wà lára wọn, dara pọ̀ mọ́ Hugh Hendrie àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Indiana láti fi àwọn àgbàlagbà Ìdíkàn, ní Ìbàdàn, wé àwọn Adúláwọ̀ tó ń gbé Indianapolis. Àrùn ìgbàgbé ni wọ́n ń wò. Èsì wọn tó jáde ní 2001 fi hàn pé iye àwọn tí àrùn Alzheimer ń ṣẹ̀ṣẹ̀ mú lọ́dọọdún ní Ìbàdàn jẹ́ ìdá 1.15 nínú 100, ti Indianapolis sì jẹ́ 2.52. Kọlẹ́stírọ́ọ̀lù àwọn ará Ìbàdàn kéré sí ti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn, bẹ́ẹ̀ sì ni ẹ̀jẹ̀ ríru wọn.

Kò yẹ kí ẹnikẹ́ni fi èyí polówó epo pupa. Àwọn ará Ìdíkàn ń jẹ iṣu, ọkà, ẹ̀fọ́ àti ẹja díẹ̀. Ẹran àti wàrà kò pọ̀ nínú oúnjẹ wọn, oúnjẹ náà fúnra rẹ̀ kò sì pọ̀. Ohun tí ẹ̀rí náà gbà wá láyè láti sọ ni pé epo pupa nínú irú oúnjẹ bẹ́ẹ̀ kò gbé kọlẹ́stírọ́ọ̀lù gbogbo ìlú sókè. Bí a bá kó epo kan náà lé orí ẹran màlúù, bísíkíìtì àti mílíìkì alágolo, ọ̀rọ̀ mìíràn ni.

Àkóónú àwọn ọ̀rá wọ̀nyí ti hàn gbangba fún àwọn onímọ̀. Epo ọ̀pẹ ní ọ̀rá saturated tó tó nǹkan bí ìdajì, ìyókù rẹ̀ sì pọ̀ jù ní irú ọ̀rá tó wà nínú òróró ólífì. Àdín ẹkùrọ́ ju ìdá 80 nínú 100 lọ, ti àgbọn sì súnmọ́ 90. Òróró ẹ̀pà kò tó 20, ti sóyà jẹ́ nǹkan bíi 15. Òrí ní tirẹ̀ jọ epo ọ̀pẹ ní ìwọ̀n, ṣùgbọ́n èyí tó pọ̀ jù nínú ọ̀rá rẹ̀ tó ń dì ni stearic, tí kì í gbé kọlẹ́stírọ́ọ̀lù sókè bíi ti yòókù. Ó yẹ kí èyí pa àwọn tó ń fi àdín àgbọn ṣe oògùn gbogbo àrùn lẹ́nu mọ́. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí ọ̀rá saturated má ju ìdá 10 nínú 100 agbára oúnjẹ òòjọ́ lọ. Fún ẹni tó ń jẹ kálórì 2,000, èyí jẹ́ nǹkan bíi gíráàmù 22. Ṣíbí ìjẹun ńlá mẹ́ta epo pupa ní gíráàmù 20. Ẹ̀fọ́ rírò tí epo léfòó lórí rẹ̀ lè gbà á tán fún ẹnì kan kí ó tó kan ẹran.

Nítorí náà, ìwọ̀n ṣe pàtàkì ju orúkọ lọ. Òróró ẹ̀pà tàbí ti sóyà yẹ fún dídín. Sóyà kì í tilẹ̀ ṣe àlejò tuntun: oko Moor Plantation ní Ìbàdàn ni wọ́n ti kọ́kọ́ gbìn ín ní Nàìjíríà ní 1908, àwọn onímọ̀ IITA sì gbé e dé ìdáná láti àwọn ọdún 1980. Fún ọbẹ̀, epo pupa tuntun tí kò pọ̀ jù ní ohun kan tí òróró èyíkéyìí kò ní.

Pupa tí a ń sun dànù

Ohun náà ni beta-carotene, èyí tí ara ń sọ di fítámì A. Òun ló ń pọ́n nínú epo. Ìwádìí oúnjẹ tí IITA ṣe jákèjádò Nàìjíríà láàárín 2001 sí 2003 fi hàn pé ìdá 29.5 nínú 100 àwọn ọmọdé tí kò tíì pé ọdún márùn-ún ni fítámì A kò tó nínú ara wọn. Àìtó yìí ń ba ojú jẹ́, ó sì ń jẹ́ kí ìgbẹ́ gbuuru àti èéyi pa ọmọ. Ó ṣòro láti gbàgbé ọgọ́rùn-ún ọdún tí a fi rù epo lọ sí ilé iṣẹ́ àbẹ́là nígbà tí a bá ń ka irú iye bẹ́ẹ̀.

Àṣà ìdáná wa náà jẹ̀bi. Fún ọbẹ̀ ayamáṣe, àwọn alásè máa ń gbé epo kaná nínú ìkòkò tí a ti dé, títí pupa rẹ̀ yóò fi pòórá, tí èéfín yóò fi gba ilé. Ohun tó ń bá èéfín náà lọ ni carotene, kò sì sí ìrú tàbí ata tó lè dá a padà. Oúnjẹ àríyá ni ayamáṣe, àríyá kì í sì í ṣe ojoojúmọ́. Ṣùgbọ́n ó ti di oúnjẹ ọ̀sán lẹ́bàá gbogbo ọ́fíìsì. Òróró tí àwọn tó ń din àkàrà àti dùndú ń lò láti àárọ̀ dé alẹ́ jẹ́ ewu mìíràn. Bí ó bá ti dúdú, tí ó ń ho ìfófò, tí ó sì ń rùn, ọ̀rá inú rẹ̀ ti já sí ohun tí ara kò fẹ́.

Àwọn ọlọ́jà kan tún wà tí wọ́n ń fi aró Sudan pọ́n epo tó ti gbó kí ó lè jọ tuntun. Aró aṣọ àti ti bàtà ni, ó sì lè fa jẹjẹrẹ. Ní 2005, Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù fi epo pupa kún àwọn ọjà tó gbọ́dọ̀ ní ìwé àyẹ̀wò lórí aró yìí kí ó tó wọlé, èyí tó kan àwọn Yorùbá tó ń ra epo ní ìlú Lọ́ńdọ̀nù. Ní 2015, ìjọba Gánà rí aró náà nínú epo ní àwọn ọjà wọn. Ọgbọ́n ilé ṣì wúlò níhìn-ín. Epo tó dára máa ń dì lápá kan ní òwúrọ̀ ọyẹ́, pupa rẹ̀ kì í tàn yòò bí ọ̀dà, ó sì ní òórùn ẹyìn.

Ní Salvador, àwọn obìnrin aláṣọ funfun ṣì ń din acarajé nínú epo pupa ní ẹ̀bá ọ̀nà. Àkàrà tiwa ni, pẹ̀lú orúkọ tí kò yí padà púpọ̀, ìjọba Brazil sì fi iṣẹ́ wọn sínú ìwé ohun àjogúnbá orílẹ̀-èdè ní 2005. Ní Ìbàdàn àti Èkó, òróró ni ọ̀pọ̀ alákàrà ń lò.

Láti 2002 ni ìjọba Nàìjíríà ti pa á láṣẹ fún àwọn ilé iṣẹ́ pé kí wọ́n máa fi fítámì A sínú òróró tí wọ́n ń tà. Ilé iṣẹ́ náà ni ó kọ́kọ́ fọ pupa epo kúrò, òun náà ni ó sì ń da ẹyọ kan nínú ohun tó fọ̀ dànù padà. Ìmọ́lẹ̀ oòrùn sì ń ba fítámì náà jẹ́, ó ń bà á jẹ́ kíákíá nínú ìgò tí a lè rí inú rẹ̀, irú ìgò tí àwọn aláròóbọ̀ ń tò sórí tábìlì nínú oòrùn ọ̀sán kí àwọn oníbàárà lè rí bí òróró inú rẹ̀ ṣe mọ́ tó.